Láti Ògiri Kẹfà Lọ Sẹ́yìn

Ìgbà tí òjò wọ pálọ̀ Alága lẹ́ẹ̀kẹta, tí ó ba àga tuntun tí wọn kò tíì bọ́ ọ̀rá lára rẹ̀ jẹ́, ni Alága tó gbà pé òrùlé ilé bàbá wọn ti gbó. Kó tó dìgbà yẹn, ó ti tó ọdún méjì tí òrùlé náà ti ń jò lápá ẹ̀yìn, níbi tí ìyàwó àbúrò rẹ̀ ń gbé, ṣùgbọ́n jíjò tibẹ̀ kò jọ jíjò lójú ẹnikẹ́ni. Bí obìnrin náà bá ní omi ń kán sórí bẹ́ẹ̀dì òun, Alága á ní kó sún bẹ́ẹ̀dì. Ó ti sún bẹ́ẹ̀dì náà títí tó fi kan ilẹ̀kùn. Bí ó bá tún sún un, ìta ló kù.

Ilé gígùn ni ilé yìí, ó nà láti ojú títì wọnú lọ bí ọkọ̀ ojú irin. Ògiri mẹ́jọ ló dábùú rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Pálọ̀ Alága ló kọ́kọ́, yàrá rẹ̀ tẹ̀ lé e, yàrá mẹ́ta tó tún tẹ̀ lé ìyẹn sì jẹ́ ti àbúrò rẹ̀ obìnrin, ẹni tó ń ta bàtà, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Oníbàtà. Òun náà ń sùn nínú ọ̀kan, bàtà ń sùn nínú méjì. Lẹ́yìn ògiri kẹfà ni yàrá kan àti ilé ìdáná kékeré tí àbíkẹ́yìn wọn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ kún ilé nígbà tó fẹ́ gbéyàwó.

Àbíkẹ́yìn náà ti kú. Ìyàwó rẹ̀ ló kù lẹ́yìn ògiri kẹfà, òun nìkan, kò sí ọmọ. Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń tẹ ìwé fún àwọn tó ń kọ́lé ló ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà Akọ̀wé ni wọ́n ń pè é nínú ilé. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà láyé, orúkọ àpọ́nlé ni. Ní báyìí, bí Oníbàtà bá fẹ́ pè é, á fa orúkọ náà gùn bí ẹni ń fa ológbò nírù.

Alága pe ìpàdé ní ọjọ́ Ìsinmi kan. Kì í bá ènìyàn méjì sọ̀rọ̀ láìpe é ní ìpàdé; ibi tó ti rí orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Ó jókòó sórí àga tí òjò kò bà jẹ́, ó fi èyí tó ń rùn sílẹ̀ fún Akọ̀wé.

"Mo ti rí káfíńtà," ó ní. "Kà-á-sókè ni."

"Bàbá tó máa ń pariwo yẹn?" Oníbàtà béèrè.

"Kì í pariwo. Ìwé ló máa ń béèrè."

Òótọ́ ni. Káfíńtà àgbà ni Kà-á-sókè, kì í sì í gun òrùlé ẹnikẹ́ni láìsí ìwé iṣẹ́. Gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ kí òun ṣe gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀: ohun tí wọ́n máa yọ, ohun tí wọ́n máa fi síbẹ̀, ibi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó ti parí. Lọ́jọ́ tí ọwọ́ bá fẹ́ tẹ iṣẹ́, á kó àwọn onílé dúró níwájú ilé wọn, ẹni tó kọ ìwé á máa kà á sókè ní nọ́ńbà-ní-nọ́ńbà, àwọn onílé á máa dáhùn pé "Ó wà bẹ́ẹ̀." Ohun tí wọn kò bá kà, bí ó ń já bọ́ lọ, kò ní fi ọwọ́ kàn án.

"Akọ̀wé," ni Alága wí, "ìwọ lo máa kọ ọ́."

Inú Akọ̀wé dùn débi pé ó gbàgbé òórùn àga tó jókòó lé. "Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ má ṣe ìyọnu rárá. Ṣé láti iwájú dé ẹ̀yìn pátápátá ni?"

"Láti ògiri kìíní dé ògiri kẹfà."

Akọ̀wé kà á lọ́kàn, bí ẹni tí kò mọ ilé tó ń gbé. "Apá tèmi wá ńkọ́, Ẹ̀gbọ́n? Omi—"

Oníbàtà bú sẹ́rìn-ín. "Apá tìẹ kẹ̀! Òrùlé tìẹ ò jò o jàre, ńṣe ló ń pọnmi fún ẹ. Àwa yòókù là ń fẹsẹ̀ rìn lọ sídìí ẹ̀rọ."

Alága rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. Akọ̀wé náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí bí kò bá rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ó ń bínú.

"Fi í sílẹ̀," Alága wí fún àbúrò rẹ̀, ó ń nu ojú. "Akọ̀wé, ìpele kejì ni tìrẹ. Agbára wa ò gbé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ṣe ti ìpele kìíní yìí dáadáa. Bí káfíńtà ò bá rí àbùkù kankan nínú ìwé rẹ, mo ti sọ ọ́, lọ́dún tó ń bọ̀, ìpele kejì."

Ìpele kejì. Ọ̀rọ̀ méjì yìí ni Akọ̀wé gbé lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ kejì, bí ẹni gbé ẹyin.

Kà-á-sókè wá wọn ilé náà lọ́jọ́ náà gan-an, nígbà tí Akọ̀wé wà ní ọ́fíìsì tí àgádágodo sì wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ẹ̀yìn páálí bàtà Oníbàtà ló kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí. Páálí yẹn ni Akọ̀wé gbé ka ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, tó sì fi àkókò oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ mẹ́ta tẹ ìwé náà láìjẹun.

Iṣẹ́ tó mọ̀ ni. Ó ti tẹ ìwé àwọn ẹlòmíràn tó, ó sì ti tẹ lẹ́tà ìjà tí wọ́n kọ síra wọn nígbà tí iṣẹ́ dàrú, nítorí náà ó mọ ibi tí ìjà máa ń gbà wọlé. Ó kọ ọ́ pé kí wọ́n yọ páànù àtijọ́ láìfa àjà ya. Ó ní gbogbo igi tí ikán ti jẹ ni kí wọ́n pààrọ̀, kì í ṣe pé kí wọ́n fi òmíràn lẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní ìṣó tó ní rọ́bà lábẹ́ orí ni kí wọ́n lò, kí páànù kan sì gorí èkejì ní ìlà méjì, kì í ṣe ìlà kan. Ó kọ gọ́tà, ó kọ ibi tí omi gọ́tà máa dà sí kó má baà lọ sí ọ̀dọ̀ aládùúgbò. Ó kọ ọ́ pé bí ojú ọjọ́ bá ṣú, àwọn òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ lọ sílé láìfi tapólì bo ibi tó ṣí sílẹ̀. Àní ó rántí àga Alága: kí wọ́n gbé wọn jáde kí òòlù tó dún.

Nọ́ńbà kẹtàlá ló fi ààlà sí: láti ògiri kẹfà lọ sẹ́yìn, kò sí nínú iṣẹ́ yìí. Ó tẹ̀ ẹ́ kíákíá, bí ìgbà tí ènìyàn ń gbé oògùn kíkorò mì. Lẹ́yìn náà ló rọra tẹ nọ́ńbà kẹrìnlá: ìpele kejì, láti ògiri kẹfà dé ògiri kẹjọ, lọ́dún tó ń bọ̀. Nígbà tó tẹ ìwé náà jáde, ó gbé e sókè wò. Nínú ìwé, ó jọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ tán.

Alẹ́ ò tíì lẹ́ ní Ọjọ́bọ̀ tí Alága fi gbé awò rẹ̀ wọ̀, ó mú bírò, ó ń ka ìwé náà bí olùkọ́. Ó ń mi orí. "Ìwé rèé! Akọ̀wé, o mọ iṣẹ́ yìí o. Wò ó, o tiẹ̀ rántí àga." Nígbà tó dé nọ́ńbà kẹrìnlá, ó ní kó bá òun mú rúlà wá. Ó fi rúlà náà fa ìlà kan tó gún régé kọjá lórí ọ̀rọ̀ náà, kó má baà ba ẹwà ìwé jẹ́.

"Ìyẹn wà lẹ́nu mi," ó ní. "Ẹnu mi ló ti dájú jù. Lọ tún un tẹ̀ láìsí i."

"Ẹ̀gbọ́n, bí ó bá wà nínú ìwé, kò sẹ́ni tó máa gbàgbé—"

"Ta ló máa gbàgbé? Èmi?" Ó bọ́ awò. "Ohun mìíràn tún wà. Mo ti sọ fún káfíńtà pé ẹrù la kó sẹ́yìn. Bí wọ́n bá bi ọ́, ẹrù ni."

"Kí ló dé, Ẹ̀gbọ́n?"

"Ìyọnu bàbá yẹn ni. Nígbà kan, ó gé òrùlé sí àárín lórí yàrá bàbá arúgbó kan. Ìjì gba etí ibi tó gé wọlé, ó ṣí páànù náà lulẹ̀ lé bàbá náà lórí. Láti ọjọ́ yẹn, kì í gé òrùlé lórí ẹni tó ń mí. Bí ó bá gbọ́ pé ènìyàn wà lẹ́yìn ògiri kẹfà, á ní ká ṣe gbogbo rẹ̀ tàbí kóun máa lọ." Ó fi ìwé lé e lọ́wọ́. "Bí iṣẹ́ yìí bá bàjẹ́ nítorí ẹnu rẹ, Akọ̀wé, o ò ní sùn nínú ilé yìí mọ́. Mi ò bínú o. Mo kàn ń sọ fún ọ kó o lè mọ̀ ni."

Bẹ́ẹ̀ ni Akọ̀wé ṣe mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo wà tó lè fi páànù tuntun bo orí òun, àti pé ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n ní kóun gbé mì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Kà-á-sókè gbé àkàbà rẹ̀ dé. Ọkùnrin kúkúrú kan ni, irun orí rẹ̀ funfun, òòlù wà ní bẹ́líìtì rẹ̀ bí ìbọn. Ó to Alága àti Oníbàtà síwájú ilé, ó ní kí Akọ̀wé dúró lápá ọ̀tún. Àwọn ará òdìkejì títì gbé àga síta. Bí Kà-á-sókè bá ń mú wọn kàwé níwájú ilé ẹnìkan, ìran ni.

Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ mọ́, ó ń lọ geere.

"Ó wà bẹ́ẹ̀," Alága ń wí.

"Ó wà bẹ́ẹ̀," Oníbàtà ń gbè é.

Nígbà tó kà á dé orí tapólì, káfíńtà náà na ọwọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n kí obìnrin yìí. Ogójì ọdún ni mo ti ń kan òrùlé, kò sẹ́ni tó kọ tapólì fún mi rí. Akọ̀wé, ọwọ́ rẹ dáa."

"Ẹ ṣeun, Baba."

"Ìdílé wa ni," Oníbàtà wí.

Nọ́ńbà kẹtàlá dé. Akọ̀wé kà á. Alága ti la ẹnu láti dáhùn nígbà tí Kà-á-sókè ní, "Ẹ dúró níbẹ̀ ná," ó sì gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sẹ́yìn. Gbogbo wọn tẹ̀ lé e.

Ìró kan ṣoṣo ló wà lórí okùn lẹ́yìn ilé, ìró aláwọ̀ búlúù, omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Káfíńtà fi ìka kan tọ́ ọ. "Aṣọ ta nìyí?"

Ojú Alága yí sí òkè, ó yí sí ilẹ̀. Oníbàtà ló yára. "Tèmi ni, Baba. Oòrùn ẹ̀yìn yìí ló dáa." Kó lè jọ òótọ́, ó ká aṣọ náà kúrò lórí okùn ní tútù, ó ṣẹ́ ẹ po, ó fi sábẹ́ abíyá. Akọ̀wé ń wò ó. Ìró kan ṣoṣo tó dáa tó ní nìyẹn, ó sì mọ Oníbàtà dáadáa: aṣọ náà ti lọ.

"Ta ló ń gbé ibí?" Kà-á-sókè tún béèrè.

"Mo ṣáà ti sọ fún yín, Baba," Alága wí. "Ẹrù la kó síbẹ̀."

"Mo gbọ́. Ẹ má bínú sí mi, onílé a máa purọ́ fún mi. Ẹni tó kọ ìwé ni mo máa ń bi." Ó yíjú sí Akọ̀wé. "Ìwọ lo kọ ọ́. Ṣé ènìyàn ń sùn lábẹ́ páànù yìí?"

Kọ́kọ́rọ́ àgádágodo náà wà nínú àpò rẹ̀, ó ń gún un nítan. Alága ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí nǹkan já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Oníbàtà tún ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ṣe. Akọ̀wé rí i pé bí òun bá ní "Èmi ni," bàbá yìí lè ní kí wọ́n kọ gbogbo ilé sínú iṣẹ́, ó sì lè gbé àkàbà rẹ̀ kó máa lọ, kí òun náà sì gbé bẹ́ẹ̀dì òun máa lọ kí oòrùn tó wọ̀. Ibo? Ó rántí ìpele kejì, tí kò sí nínú ìwé mọ́, ṣùgbọ́n tó wà lẹ́nu ẹnìkan. Fún ọdún méjì gbáko, ohun tó ń ṣe nínú ilé yìí kò ju kó máa fi hàn wọ́n pé òun kò ní yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

"Dáhùn, Akọ̀wééé," Oníbàtà wí. "Ìwọ ni wọ́n ń bi."

"Rárá, Baba," ó ní, ní ohùn tó fi ń kàwé. "Ẹrù ni."

Alága mí kanlẹ̀.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," káfíńtà wí. Ojú rẹ̀ tú ká, ó gbé àkàbà ti ògiri. Nígbà tí kò ti sí orí ẹnìkan lábẹ́ rẹ̀, ó lè rìn níbẹ̀ bó ṣe wù ú. Wọ́n gbọ́ bó ṣe ń fi òòlù kan igi láti iwájú bọ̀. Lókè pálọ̀ Alága, ó ń dún pọ̀, pọ̀, bí ẹni ń gbá ìrọ̀rí. Bó ṣe kọjá ògiri kẹfà, dídún òòlù náà yí padà: kán, kán, kán. Ó ṣí páànù kan, ó ki orí bọ inú rẹ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

"Ta ló kan ibí?" ó ké láti òkè.

"Àbúrò wa tó ti di olóògbé!"

"Ó mọ igi rà o! Ikán tó bá fẹnu kan èyí, eyín rẹ̀ á ká!"

Akọ̀wé mọ gbogbo igi náà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta mẹ́ta ni ọkọ rẹ̀ fi lọ ṣà wọ́n níbi tí wọ́n ti ń la pákó. Á gbé ọ̀kan, á fi ojú kan wo gbọọrọ rẹ̀, á ní èyí wọ́, á jù ú sílẹ̀. Àwọn méjèèjì ló jọ rù wọ́n wálé, òun níwájú, ìyàwó lẹ́yìn, tí èjìká obìnrin náà fi bó. Ọkùnrin náà ní kó má sunkún, ó ní ohun tí wọ́n ń rù yìí, wọn kò ní rù ú mọ́ láé.

Kà-á-sókè sọ̀ kalẹ̀, ó ń nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. "Ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀," ó ní. "Igi tó wà lókè pálọ̀ yín, ikán ti jẹ ẹ́ tán. Bí ẹ bá ra tuntun, tútù ni wọ́n ń tà báyìí, kó tó di ọdún méjì á ti lọ́. Igi gidi rèé tó ń ṣọ́ àpótí lẹ́yìnkùlé. Ẹ jẹ́ n yọ ọ́, n gbé e lọ síwájú. Ó tó wa lò, mo ti fojú wọ̀n ọ́n. Ẹ kàn kó ẹrù kúrò ni."

Oníbàtà gan-an, ẹ̀rín ojú rẹ̀ kú. Alága gbójú sókè wo Akọ̀wé fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ yẹn, ènìyàn sì lè rí i pé eléyìí kò sí nínú ohun tó rò tẹ́lẹ̀. Bí ó bá ní "Ẹ fi sílẹ̀, Baba," ọ̀rọ̀ náà ì bá parí síbẹ̀. Ó wo òrùlé pálọ̀ rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ó wú ikọ́ díẹ̀.

"Kọ ọ́ sí i," ó ní. "Nọ́ńbà kẹrìnlá."

"Ẹ̀gbọ́n..."

"Kọ ọ́, Akọ̀wé. Má jẹ́ kí àgbàlagbà dúró pẹ́ nínú oòrùn."

Akọ̀wé yíjú sí káfíńtà. "Baba, ẹrù tó wà níbẹ̀, omi ò dáa fún un."

"Irú ẹrù wo ni?"

"Bẹ́ẹ̀dì kan. Aṣọ díẹ̀. Sítóòfù."

"Ta ló ni ín?"

Ó la ẹnu. Àwọn ará òdìkejì títì ti yí wá sí ẹ̀gbẹ́ ilé, wọ́n ń na ọrùn. Bí ó bá ní òun ló ni ín, káfíńtà á bi í ìdí tó fi purọ́, níwájú gbogbo wọn. Kí ó tó rí ọ̀rọ̀ tó máa sọ, Oníbàtà ti bá a sọ ọ́.

"Ti olóògbé náà ni, Baba. A ò lè dà á nù."

Àánú ṣe bàbá náà. Ó bọ́ fìlà. "Ọdún mélòó ló ti kú?"

"Ọdún méjì," Alága wí.

"Ẹ kú ìtọ́jú. Ọdún méjì lẹ fi tọ́jú ẹrù rẹ̀! Àwọn ẹlòmíràn, ọ̀sẹ̀ méjì ni. Ṣùgbọ́n ó tó, ẹ jẹ́ kó lọ báyìí. Bí ẹ bá fẹ́, mo mọ ẹni tó máa ń ra bẹ́ẹ̀dì."

Akọ̀wé fi ìwé náà ti ògiri yàrá rẹ̀, ó fi bírò kọ ọ́: kí wọ́n yọ gbogbo igi òrùlé láti ògiri kẹfà dé ògiri kẹjọ, kí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ iwájú, kí yàrá ẹ̀yìn ṣófo kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìlà tó kọ gún, kò sí ibi tó wọ́.

"Kà á sókè," káfíńtà wí.

Ó kà á.

"Ó wà bẹ́ẹ̀," ni Alága wí.

Oníbàtà ń fún omi ìró náà dànù. "Ó wà bẹ́ẹ̀."

"Ó ku ọjọ́ tí mo máa bẹ̀rẹ̀," Kà-á-sókè wí. "Ọjọ́ mélòó lẹ máa fi kó ẹrù yìí?"

Alága ń wo òrùlé pálọ̀ rẹ̀. Oníbàtà ń ká ìró náà po. Bàbá náà wo ojú wọn kiri, ó sì tún bi ẹni tó kọ ìwé.

"Akọ̀wé?"

"Ọjọ́ kan," ó ní. "Kò pọ̀."

"Ó dáa. Kọ Ọjọ́ Ajé síbẹ̀."

Ó kọ ọ́.